Kíndìnrín ló ń jò, kí ló kan táírọ́ìdì?

Ìwé àyẹ̀wò dé láti lábù. Ọmọ ọdún 4 ló ni ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ojú ọmọ náà ti ń wú láràárọ̀, dókítà sì ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ló ń da purotéènì sínú ìtọ̀. Ìyẹn ti ń yé ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé yìí, wọ́n kọ T4, wọ́n sì fi lẹ́tà L sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé ó lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi H sí ẹ̀gbẹ́ TSH, pé ó ga. Ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù ní táírọ́ìdì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní oògùn àlòkú ni, pé títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa lò ó. Dókítà wá wo ìwé kan náà, ó ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù, òun ò tíì fẹ́ kọ oògùn táírọ́ìdì fún un. Ta ni kí òbí wá gbọ́ tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ń da àwọn òbí láàmú, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àìgbọ́n wọn ló fà á. Àìsàn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n wá gbọ́ orúkọ ẹ̀yà ara tí kò sí nítòsí ibi tó ń ṣe ọmọ wọn. Èrò mi ni pé bí òbí bá mọ ọ̀nà tí kíndìnrín fi ń kó bá táírọ́ìdì, yóò mọ ìgbà tó yẹ kó fara balẹ̀ àti ìgbà tí kò yẹ kó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró. Nítorí pé méjèèjì ló wà. Ọmọ kan wà tí oògùn táírọ́ìdì ò wúlò fún, òmíràn sì wà tí ọpọlọ rẹ̀ wà nínú ewu bí wọn ò bá tètè fún un.

Iwájú ọrùn ni táírọ́ìdì wà, nísàlẹ̀ gògóńgò. Kò tóbi, ojú ò sì lè rí i àfi tó bá wú, ìyẹn ni à ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Áyódíìnì inú oúnjẹ àti iyọ̀ ló fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù méjì, T4 àti T3. T4 ló ń ṣe jù. Ara ló wá ń sọ T4 di T3, T3 yìí ló sì ń ṣiṣẹ́ náà gan-an. Àwọn ló ń pinnu bí ọkàn yóò ṣe yára lù tó, bí ara yóò ṣe móoru tó, bí ìfun yóò ṣe ṣiṣẹ́, àti bí egungun ọmọ yóò ṣe gùn. Nínú ọmọ ìkókó, iṣẹ́ wọn tún ju ìyẹn lọ: àwọn ni ọpọlọ nílò láti fi dàgbà ní ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́. Ẹ̀yà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣọ́ wọn. Bó bá rí i pé họ́mọ́ọ̀nù náà ti ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, á tú TSH jáde láti fi pàṣẹ fún táírọ́ìdì pé kó ṣe sí i. Nítorí náà, TSH tó ga kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àṣẹ ni. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ohun tó fa àṣẹ náà, àti bóyá táírọ́ìdì ń rí i ṣe.

Bí T4 ṣe ń bá ìtọ̀ lọ

T4 kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì ló ń rù ú. Nínú gbogbo 10,000 T4 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi 3 péré ló wà lómìnira, gbogbo ìyókù ló so mọ́ purotéènì. Èyí tó ń ru jù nínú àwọn purotéènì náà ni wọ́n ń pè ní TBG, òun nìkan ń gbé nǹkan bí ìdá 3 nínú 4. Albumin ń ru díẹ̀, ẹ̀kẹta wọn tó ń jẹ́ transthyretin náà ń ru tirẹ̀. Bí T4 bá ṣì wà lórí purotéènì, kò lè wọ inú ẹran ara lọ ṣiṣẹ́. Èyí tó wà lómìnira nìkan ló lè wọlé, òun sì ni ìwé lábù ń pè ní free T4 tàbí FT4.

Ẹ wo alábàárù nínú ọjà tó gbé ẹrù oníbàárà sórí. Bí alábàárù bá gba ẹ̀yìn ọjà jáde lọ, ẹrù ti bá a lọ nìyẹn.

Kíndìnrín tó dá ṣáṣá ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, á jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí kọjá sínú ìtọ̀, á sì dá purotéènì dúró. Nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní nephrotic syndrome, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ọdún 2 sí 6, ibi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ò lè dá purotéènì dúró mọ́. Albumin á dín kù, omi á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara, ara á bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ìpéǹpéjú ló máa ń wú láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Ìtọ̀ á máa yọ ìfófò tí kì í tètè rọlẹ̀. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀ á kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, á di àwọ̀ ewé. Gbogbo èyí ni òbí mọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún un ni pé TBG kò tilẹ̀ tóbi tó albumin. Ibi tí albumin bá gbà jáde, òun náà á gbà á, tòun ti T4 tó rù.

Ní báyìí, ẹ padà sí lẹ́tà L inú ìwé náà. Bó bá jẹ́ àpapọ̀ T4 ni lábù wọ̀n, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní total T4 tàbí T4 lásán, ohun tó wà lórí purotéènì àti ohun tó wà lómìnira ni wọ́n kà pọ̀. Purotéènì tó ń rù ú ti dín kù, kò sí bí àpapọ̀ náà ò ṣe ní dín kù. Ìyẹn ò fi hàn pé nǹkan kan ṣe táírọ́ìdì fúnra rẹ̀. FT4 ló yẹ kí wọ́n wò, kí wọ́n sì fi TSH sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. FT4 náà lè ṣini lọ́nà nígbà tí albumin bá lọ sílẹ̀ gan-an, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n ní àwọn lábù kan ò mọ ẹ̀jẹ̀ tí purotéènì rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀ wọ̀n dáadáa. Dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dájọ́ lórí ọmọ yìí.

Táírọ́ìdì tí nǹkan kan ò ṣe á gbọ́ àṣẹ TSH, á ṣe họ́mọ́ọ̀nù púpọ̀ sí i láti fi dí èyí tó ń bá ìtọ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, ìyẹn ti tó. FT4 wà níbi tó yẹ, TSH ga díẹ̀, ọmọ ò sì fi ìyà kankan hàn nípa rẹ̀. Bí prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn kíndìnrín yìí, bá ti ṣiṣẹ́, tí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà ò fi purotéènì hàn mọ́ fún ọjọ́ 3 léraléra, purotéènì ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí padà, T4 á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbádùn kíndìnrín ló gbádùn nọ́ńbà táírọ́ìdì láìgbé oògùn rẹ̀ kankan mì. Ìdí tí dókítà fi ní kí wọ́n ní sùúrù nìyẹn. Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun mìíràn tún wà tó ń da nọ́ńbà yìí rú: prednisolone fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá ń lo púpọ̀ nínú rẹ̀, ó lè tẹ TSH mọ́lẹ̀, ó sì ń dín T4 tí ara ń sọ di T3 kù. Ibà líle tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Èyí ni kò jẹ́ kó dára kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì wò ní ọjọ́ tí àìsàn mìíràn gbé ọmọ dè, kí wọ́n sì wá fi èsì ọjọ́ náà kọ oògùn ọdún gbọọrọ.

Ìgbà tí sùúrù ò dára

Táírọ́ìdì lè rẹ̀. Bí jíjò náà bá pọ̀, tí kò sì dáwọ́ dúró fún oṣù lórí oṣù, á dé ibi tí ohun tó ń ṣe ò ní ká ohun tó ń dànù. Àwọn ọmọ tí sítẹ́rọ́ìdì ò ràn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ilẹ̀ wa, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà ọmọdé ní Ìbàdàn ṣàkọsílẹ̀ pé ibà tí irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium malariae, ń fà ló wà nídìí púpọ̀ nínú nephrotic syndrome tí wọ́n ń rí, sítẹ́rọ́ìdì kì í sì í sábà ran irú rẹ̀. Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà, sítẹ́rọ́ìdì ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ràn, táírọ́ìdì rẹ̀ yẹ ní yíyẹ̀wò, kí wọ́n sì máa tún un wò. Bí FT4 bá ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́, tí TSH sì ti kọjá 10, oògùn ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ọmọ ìkókó ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù lọ. Àwọn ọmọ kan wà tí kíndìnrín wọn ń jò láti inú oyún, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́. Wọ́n ń pè é ní congenital nephrotic syndrome. Orílẹ̀-èdè Finland ló ti wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 8,000 tí wọ́n bí níbẹ̀. Ní 1998 ni wọ́n rí jíìnì tó ń fà á, NPHS1, èyí tó ń ṣe purotéènì nephrin tó wà lójú ibi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Kò mọ sí Finland o. A ń rí i káàkiri ayé, àrùn bíi rẹ̀kórẹ̀kó tí ìyá kó ran ọmọ nínú oyún sì lè fa irú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń dà nù nínú purotéènì pọ̀ kọjá ohun tí táírọ́ìdì wọn kékeré lè dí, bẹ́ẹ̀ sì ni àsìkò yìí gan-an ni ọpọlọ wọn ń dàgbà. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í sọ pé ká máa wò ó ná. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn máa ń fún wọn ní levothyroxine, ìyẹn T4 tí wọ́n ṣe bí oògùn, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò léraléra nítorí pé oògùn náà ń bá ìtọ̀ lọ bákan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain mọ̀ pé wọ́n máa ń gún gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ní ọjọ́ 5, wọ́n sì ń fi ẹ̀jẹ̀ náà wo táírọ́ìdì. Àyẹ̀wò yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ń jò lè yege nínú rẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ 5, kò tíì dà nù tó. Kí ẹ má jẹ́ kí èsì ọjọ́ 5 fi yín lọ́kàn balẹ̀ ní oṣù 3. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe gbogbo ọmọ tuntun ni wọ́n ń ṣe é fún, nítorí náà ìyá tó rí i pé ara ọmọ òun ń wú ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé a ti wo táírọ́ìdì rẹ̀?”

Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ti ń súnmọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ yóò máa bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni tirẹ̀ gbà. T3 ló sábà máa ń lọ sílẹ̀ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, TSH á sì wà bó ṣe wà, nítorí pé ara tí àìsàn ti bá jìjàkadì pẹ́ máa ń dín T3 kù fúnra rẹ̀. A kì í fi oògùn lé ìyẹn. Ewu tó wà níbẹ̀ ni áyódíìnì. Kíndìnrín ló ń da áyódíìnì tó bá pọ̀jù nù. Bí kò bá lè dà á nù mọ́, áyódíìnì á pọ̀ jọ, bó bá sì pọ̀ gan-an, táírọ́ìdì á ti ilẹ̀kùn iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Wolff àti Chaikoff, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn lára eku ní 1948. Ara àgbàlagbà máa ń jàjàbọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ti ọmọ ìkókó kì í tètè rí bẹ́ẹ̀. Kí ni áyódíìnì ń wá lára ọmọ? Oògùn aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń nu ara kó tó di pé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, povidone-iodine, wà lára rẹ̀. Ó tún wà nínú àwọn ìdérí kan tí wọ́n fi ń dé rọ́bà àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi omi fọ ikùn fún nítorí kíndìnrín. Ó wà nínú oògùn tí wọ́n ń fa sínú iṣan kí wọ́n tó ya àwòrán inú ara pẹ̀lú ẹ̀rọ CT. Ní 2022, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì ọmọ tí kò tíì ju ọdún 3 lọ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tó ní cystinosis, àrùn ìdílé tó ń kó èròjà cystine jọ sínú kíndìnrín, ń kó o jọ sínú táírọ́ìdì náà. Tirẹ̀ yàtọ̀: táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ló ń bàjẹ́, kò sì sí ti pé à ń retí kó padà.

Kí ni òbí lè rí nílé?

Ibi tó le nìyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àmì méjèèjì jọra. Ojú wú, ara kò yá, ọmọ ò ga, kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ga: kíndìnrín lè ṣe é, táírọ́ìdì lè ṣe é. Ẹ fi àtànpàkò tẹ ojúgun ọmọ, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ wá gbé e kúrò. Wíwú ti kíndìnrín á fi kòtò sílẹ̀ níbẹ̀, kòtò náà á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kún. Wíwú ti táírọ́ìdì máa ń le díẹ̀, kì í sì í sábà fi kòtò sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ò tó láti fi dájọ́, torí ọmọ kan lè ní méjèèjì. Ẹ tún wo àwọn nǹkan wọ̀nyí: ṣé ó ń rí ìgbẹ́ yà? Ṣé ara rẹ̀ máa ń tutù nígbà tí ara àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbóná? Ṣé awọ ara rẹ̀ ń gbẹ, ṣé ohùn rẹ̀ ti ń há, ṣé oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù? Nínú ọmọ ìkókó, ẹ wò ó bóyá kì í lè mu ọmú tẹ́rùn, àti bóyá ẹkún rẹ̀ ò rinlẹ̀.

Prednisolone máa ń jẹ́ kí ebi pa ọmọ lọ́sàn-án lóru, ara rẹ̀ kì í sì í sábà balẹ̀. Bí ọmọ tó ń lò ó bá wá ń tòògbé ṣáá, tí oúnjẹ sì ń sú u, kì í ṣe ohun tí à ń sọ pé oògùn ló ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó, ó lè jẹ́ táírọ́ìdì, ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn tó wọlé sára rẹ̀, èyí tó yẹ kí ẹ tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ wú ṣe àyẹ̀wò táírọ́ìdì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ bí owó lábù ṣe ń ni òbí lára. Àwọn tí mo rò pé kò yẹ kí wọ́n fò ó ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmọ tí sítẹ́rọ́ìdì ò ràn, ọmọ tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó ní cystinosis, àti èyí tí kò ga mọ́. Ohun kan tún wà níbẹ̀: táírọ́ìdì tó lọ sílẹ̀ gan-an máa ń dín iṣẹ́ kíndìnrín kù, á sì gbé creatinine sókè, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Mo ka èyí sí ìdí pàtàkì tí kò fi yẹ ká gbàgbé rẹ̀, nítorí pé kíndìnrín tó dà bí ẹni pé ó ń bàjẹ́ sí i lè gbéra padà díẹ̀ nígbà tí ọmọ bá rí họ́mọ́ọ̀nù tó nílò.

Bí dókítà bá kọ levothyroxine

Òfo ikùn ló ń fẹ́. Prednisolone ní tirẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ. Àwọn òbí máa ń da méjèèjì pọ̀ sẹ́nu ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè ráyè múra ibiṣẹ́. Ẹ fún un ní levothyroxine pẹ̀lú omi bó bá ṣe ń jí, kó tó wẹ̀, kó tó wọṣọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kó mu ẹ̀kọ rẹ̀, kó wá lo prednisolone. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti kálísíọ́mù gbọ́dọ̀ jìnnà sí levothyroxine tó wákàtí 4, nítorí wọ́n máa ń dè é mọ́ inú ìfun, kò ní lè wọ ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí kíndìnrín ń ṣe sì rèé, àwọn oògùn méjèèjì yìí ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un. Ẹ fi wọ́n sí ọ̀sán tàbí alẹ́.

Ẹ̀wà sóyà náà ń dí i lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ń lọ sóyà mọ́ ògì ọmọ láti fi dí purotéènì tó ń bá ìtọ̀ lọ. Purotéènì tí ọmọ ń jẹ kò lè dí ihò tó wà nínú kíndìnrín, ìwọ̀n tó yẹ ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa jẹ sóyà, kó jìnnà sí àkókò oògùn, kí iye tó ń jẹ má sì máa yí láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Fún ọmọ ìkókó, ẹ lọ oògùn náà kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀ tàbí ọmú díẹ̀ nínú ṣíbí. Ẹ má dà á sínú fídà tó kún, nítorí bí ọmọ ò bá mu ún tán, ẹ ò ní mọ iye tó wọlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn náà padà, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí TSH tó jókòó síbi tó fẹ́ jókòó sí. Ti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò léraléra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí ọmọ tó lo ti ọjọ́ náà. Bó bá ń lo fítámì tó ní biotin nínú, ẹ sọ fún wọn, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ lábù kan ka nọ́ńbà òdì, ó sì yẹ kó dá a dúró fún ọjọ́ bíi 2 ṣáájú.

Nípa ti “àlòkú” tí ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ sọ, fún ọmọ cystinosis, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sábà máa ń rí. Fún ọmọ tí jíjò ló fà á, ọjọ́ tí jíjò bá dúró, bóyá oògùn ló dá a dúró tàbí kíndìnrín tuntun tí wọ́n fi sí i, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní nílò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ni yóò dín in kù pẹ̀lú àyẹ̀wò lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń fún un lọ láìnídìí, ọkàn á máa yára lù, ọmọ ò ní lè sùn, á máa rù. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn dá a dúró nígbà tí purotéènì ṣì ń dànù, ìdàgbàsókè rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Bí TSH bá sì kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ̀ ti mọ́ tó oṣù díẹ̀, tàbí tí gẹ̀gẹ̀ yọ, a jẹ́ pé táírọ́ìdì ní àìsàn tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á wá wò ó bóyá ara ọmọ ló ń bá táírọ́ìdì rẹ̀ jà.

Ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò sínú fáìlì kan, ti ìtọ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì máa fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé táírọ́ìdì kọ̀ọ̀kan bí purotéènì ìtọ̀ ṣe rí lọ́sẹ̀ náà àti iye prednisolone tí ọmọ ń lò. Dókítà tuntun tó bá gba fáìlì yẹn lọ́wọ́ yín yóò mọ ohun tí L àti H ọjọ́ náà ń sọ.